Bel Air: Ọkọ̀ Chevrolet Tó Joyè, Tí Wọ́n sì Rọ̀ Lóyè

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni mo gbé wá lónìí, ọkọ̀ kan ṣoṣo sì ni.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1954, ní ìlú Flint ní ìpínlẹ̀ Michigan, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kan jáde láti ilé-iṣẹ́ General Motors tí gbogbo ara rẹ̀ ń kọ mànà. Àwọ̀ wúrà ni wọ́n fi kùn ún, ọgọ́rọ̀ọ̀rún irin wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ ni wọ́n sì fi omi wúrà bò. Òun ló sọ iye ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ náà ti ṣe nílẹ̀ Amẹ́ríkà di mílíọ̀nù 50. Cadillac ni ọkọ̀ ọlọ́lá ilé-iṣẹ́ yìí, gbogbo ayé ló mọ̀. Ṣùgbọ́n Cadillac kọ́ ni wọ́n yàn fún iyì ọjọ́ náà. Chevrolet ni, ọkọ̀ mẹ̀kúnnù, èyí tí wọ́n ń pè ní Bel Air nínú àwọn Chevrolet.

Ọdún mọ́kànlélógún lẹ́yìn náà, orúkọ Bel Air yìí kan náà wà lára ọkọ̀ tí àwọn ọlọ́pàá àti onítakisí ń rà lọ́pọ̀ yanturu nítorí pé owó rẹ̀ ló kéré jù. Báwo ni orúkọ ṣe ń gòkè tó bẹ́ẹ̀, tó sì ń já wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, láàárín ìgbà tí ọmọ kan fi ń dàgbà? Ìdáhùn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí á jọ wá.

Ọwọ́ Alfred Sloan ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin yìí di olórí General Motors lọ́dún 1923, ó sì to àwọn ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ náà ní àtẹ̀gùn: Chevrolet nísàlẹ̀ fún ẹni tówó rẹ̀ kò pọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ Pontiac, Oldsmobile, Buick, títí dé Cadillac lókè téńté. Bí owó bá ṣe ń wọlé fún ọ, ni wàá máa gun àtẹ̀gùn náà. Sloan tún mú ètò kejì wá: lọ́dọọdún, kí ojú ọkọ̀ yí padà díẹ̀, kí ẹni tó ra ti èṣí lè máa wo ti ọdún yìí kí ọkàn rẹ̀ sì máa fà sí i. Ọkọ̀ tí kò tíì bàjẹ́ rárá á wá dà bí ohun àtijọ́ lójú ẹni tó ni ín. Ẹ fi ètò méjèèjì yìí sọ́kàn. Àwọn ló gbé Bel Air ga, àwọn náà ló sì já a lulẹ̀.

Ọdún 1950 ni orúkọ Bel Air kọ́kọ́ hàn lára Chevrolet. Bel Air ni orúkọ àdúgbò àwọn olówó kan ní Los Angeles. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì ni wọ́n sọ lórúkọ yẹn, òrùlé rẹ̀ ló sì mú un yàtọ̀. Lára ọkọ̀ yòókù, òpó irin kan máa ń wà láàárín fèrèsé iwájú àti ti ẹ̀yìn. Bel Air kò ní òpó náà. Bí ẹ bá yí fèrèsé méjèèjì wálẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ á ṣí sílẹ̀ gbayawu láti iwájú dé ẹ̀yìn, atẹ́gùn á máa fẹ́ wọlé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, síbẹ̀ irin ló wà lókè orí yín, òjò kò lè pa yín. Cadillac, Buick àti Oldsmobile ti ní irú òrùlé yìí lọ́dún 1949. Nígbà tí ti Chevrolet dé, 1,741 dọ́là ni wọ́n ń tà á, àwọn tó sì rà á lọ́dún kìíní lé ní 76,000. Ọdún yẹn náà ni Chevrolet mú Powerglide jáde, gíà tó ń yí fúnra rẹ̀, tí irú rẹ̀ kò tíì sí nínú àwọn ọkọ̀ olówó pọ́ọ́kú.

Lọ́dún 1953, Chevrolet pín ọkọ̀ rẹ̀ sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Èyí tó rẹlẹ̀ jù ń jẹ́ 150, èyí tó tẹ̀ lé e ń jẹ́ 210, Bel Air sì wà lókè wọn. Ọkọ̀ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lábẹ́ ìbòrí. Ohun tí Bel Air fi jù wọ́n lọ ni kápẹ́ẹ̀tì, aṣọ ìjókòó tó dára, ọ̀dà oríṣi méjì àti irin dídán lára. Bí wọ́n ṣe kó àtẹ̀gùn Sloan wọ inú Chevrolet fúnra rẹ̀ nìyẹn.

Ìṣòro kan ṣì wà. Láti 1929 ni ẹ́ńjìnnì Chevrolet ti jẹ́ onísílíńdà mẹ́fà. Ẹ́ńjìnnì náà lágbára láti pẹ́, kì í yọni lẹ́nu, àmọ́ kò sáré. Ford ti ń ta V8, onísílíńdà mẹ́jọ, fún mẹ̀kúnnù láti 1932. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti ogun dé, tí wọ́n ríṣẹ́, tí wọ́n fẹ́ ọkọ̀ tó ń já fáfá, ọ̀dọ̀ Ford ni wọ́n ń lọ. Chevrolet di ọkọ̀ àwọn àgbàlagbà àti ti olùkọ́ iléèwé.

Ẹni tó tú okùn yìí ni Ed Cole. Ẹnjiníà ni, ó wà lára àwọn tó ṣe V8 Cadillac ti 1949, wọ́n sì gbé e wá sí Chevrolet gẹ́gẹ́ bí olórí ẹnjiníà lọ́dún 1952. Ẹ́ńjìnnì tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe fún ọkọ̀ 1955 ni mo fẹ́ kí á dúró tì díẹ̀, nítorí òun gan-an ni ọkàn ìtàn yìí.

Nínú ẹ́ńjìnnì, àwọn fáàfù wà lókè tó ń ṣí, tó ń padé, kí epo òun atẹ́gùn lè wọlé, kí èéfín sì lè jáde. Irin kéékèèké kan ló ń tẹ fáàfù kọ̀ọ̀kan wálẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì ìgbà yẹn, irin ńlá tí wọ́n rọ ni wọ́n fi ń ṣe irin atẹfáàfù yìí, ọ̀pá gbọọrọ kan ló sì ń so gbogbo wọn pọ̀. Owó ńlá ni, ó wúwo, ó sì gba iṣẹ́ púpọ̀. Cole àti àwọn ènìyàn rẹ̀ mú irin pẹlẹbẹ, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n sì fi ìdè tirẹ̀ de ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ láìsí ọ̀pá gbọọrọ kankan. Àwọn ọ̀pá tó ń ti irin yìí láti ìsàlẹ̀, wọ́n jẹ́ kí inú wọn ṣófo, òróró ẹ́ńjìnnì wá ń gba inú wọn gòkè lọ rin àwọn fáàfù. Orí ẹ́ńjìnnì méjèèjì, tọ̀tún àti tòsì, ọ̀kan náà ni wọ́n, ẹ lè gbé ti ọ̀tún sí òsì. Wọ́n da irin àgbá ẹ́ńjìnnì náà fẹ́lẹ́ débi pé, bó tilẹ̀ ní sílíńdà mẹ́jọ, ó fúyẹ́ ju onísílíńdà mẹ́fà tí Chevrolet ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Lítà 4.3 ni, agbára ẹṣin 162 ló ní, tàbí 180 fún ẹni tó bá sanwó lé e. Èyí tó dára jù nínú onísílíńdà mẹ́fà ọdún náà kò kọjá 136.

Mo fẹ́ràn kí á máa rántí pé ọgbọ́n ìdínkù ni ọgbọ́n yìí. Wọn kò fi nǹkan kún nǹkan, ńṣe ni wọ́n ń yọ ohun tí kò wúlò kúrò. Ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì abúlé fi lè tú u palẹ̀, kó sì tún un tò. Kò pé pérépéré o: ti ọdún kìíní kò ní àyè fún àsẹ́ òróró nínú àgbá rẹ̀, ọdún 1956 ni wọ́n tó tún ìyẹn ṣe. Ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ náà dúró. Lọ́dún 2011, General Motors ṣe èyí tó pé mílíọ̀nù 100 nínú ìdílé ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ara ọkọ̀ 1955 náà kò kẹ̀rẹ̀. Harley Earl ni olórí àwọn ayàwòrán ọkọ̀ General Motors, Clare MacKichan ló ń darí ti Chevrolet lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n tẹ dígí iwájú kọrọdọ títí ó fi yí dé ẹ̀gbẹ́. Bátìrì kúrò ní fóltì mẹ́fà, ó di méjìlá. Ìbòjú rédíétọ̀ iwájú rẹ̀ kéré, ó sì jẹ́ onígun wẹ́wẹ́. Lára Ferrari, ọkọ̀ eré ìje ilẹ̀ Ítálì, ni Earl ti rí i. Àwọn oníbàárà kan kò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ó dà bí ọkọ̀ tí kò lówó lọ́wọ́, ni wọ́n bá yí i padà lọ́dún kejì. Lójú tèmi, àwọn oníbàárà ló ṣìnà níbẹ̀. Nínú gbogbo Bel Air, ti 1955 ló rẹwà jù, nítorí pé kò sí irin kan lára rẹ̀ tó wà níbẹ̀ lásán. Chevrolet tà tó mílíọ̀nù 1.7 ọkọ̀ lọ́dún náà.

Bel Air kan tún wà lọ́dún yẹn tó ń jẹ́ Nomad. Stéṣọ̀n wágọ̀n ni, àmọ́ ilẹ̀kùn méjì péré ló ní, òpó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn rẹ̀ sì dà síwájú. Ó wọ́n, omi òjò sì máa ń rí ọ̀nà wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ọdún kan nínú ọdún mẹ́ta rẹ̀ tí wọ́n ṣe tó 10,000. Àwọn tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ lónìí ń wá a kiri.

Ti 1956 kò gba àlàyé púpọ̀. Ojú rẹ̀ ni wọ́n yí padà, wọ́n sì fi ibi tí à ń da epo sí pamọ́ sẹ́yìn iná ẹ̀yìn apá òsì. Kí ọkọ̀ náà tó jáde, Zora Arkus-Duntov, ẹnjiníà tí wọ́n bí ní Brussels fún òbí ará Rọ́ṣíà, wà á gun òkè Pikes Peak ní ìpínlẹ̀ Colorado ní oṣù kẹsàn-án 1955. Wọ́n ti kun ara ọkọ̀ náà ní àkùnkukùn kí ẹnikẹ́ni má baà mọ bó ṣe rí. Ìṣẹ́jú 17 àti ìṣẹ́jú àáyá 24 ló fi dé orí òkè, ọkọ̀ irú rẹ̀ kò tíì yára tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó ń pe Chevrolet ní ọkọ̀ àgbàlagbà pa ẹnu mọ́.

A dé 1957 wàyí. Bí ẹ bá rí àwòrán ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ lára kàlẹ́ńdà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun. Lẹbẹ méjì, bíi ti ẹja, yọ sókè lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Harley Earl ló bẹ̀rẹ̀ àṣà lẹbẹ lára Cadillac 1948 lẹ́yìn tó rí ìrù ọkọ̀ òfuurufú ogun kan, P-38. Lára Bel Air 1957, irin aláwọ̀ fàdákà títẹ́jú bo ẹ̀gbẹ́ lẹbẹ náà, inú irin eteetí lẹbẹ òsì ni wọ́n sì fi ẹnu táńkì epo pamọ́ sí. Ẹni tí kò bá mọ̀ lè yí ọkọ̀ náà ká títí kó má rí ibi tí yóò da epo sí. Ẹ́ńjìnnì di lítà 4.6. Fún ẹni tó fẹ́ ti eré, wọ́n yọ kábúrétọ̀ kúrò, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fín epo dípò rẹ̀, agbára rẹ̀ sì di ẹṣin 283. Ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì náà, ní ìnṣì tí wọ́n fi ń wọn ẹ́ńjìnnì ní Amẹ́ríkà, jẹ́ 283 gẹ́lẹ́, Chevrolet sì polówó ọ̀rọ̀ náà títí ilẹ̀ fi kún.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa ọkọ̀ yìí ni pé kò yẹ kó wáyé. Ara tuntun pátápátá ni General Motors fẹ́ gbé jáde lọ́dún 1957, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà falẹ̀, ni wọ́n bá tún ara 1955 ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ford àti Plymouth gbé ọkọ̀ tuntun jáde lọ́dún náà, wọ́n gùn, wọ́n sì rẹlẹ̀. Bel Air dà bí ọkọ̀ àná láàárín wọn. Nínú ìdíje ọkọ̀ ọdún 1957, Ford ló borí. Ọkọ̀ tó pàdánù ọjà náà ni ayé wá ń fi owó gọbọi rà lónìí, púpọ̀ nínú àwọn tó jẹ́ tuntun jù ú lọ nígbà náà ti dógùn-ún, wọ́n ti wọ ilẹ̀.

Láti ibí ni ìrọ̀lóyè ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1958, wọ́n mú orúkọ tuntun wá, Impala, wọ́n fi í fún èyí tó dára jù nínú àwọn Bel Air. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, Impala dá dúró, ó sì jókòó sókè Bel Air. Ẹ wo ìlú tí ọba ti dá oyè tuntun sílẹ̀ sókè oyè tó ti wà: kò sẹ́ni tó fi ọwọ́ kan olóyè àkọ́kọ́, ilé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn, àmọ́ ẹlòmíràn ti ń wọlé ṣáájú rẹ̀. Lọ́dún 1965, Caprice tún dé sórí Impala. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí Chevrolet bá fẹ́ tọ́jú olówó, orúkọ tuntun ni wọ́n ń mú wá, Bel Air á sì sọ̀ sí i. Òrùlé tí kò ní òpó, èyí tí wọ́n torí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1962. Nígbà tí Biscayne, tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kásẹ̀ nílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn 1972, Bel Air ló kù nídìí àtẹ̀gùn. Ọdún 1975 ni wọ́n ta á kẹ́yìn níbẹ̀. Ilẹ̀ Kánádà ló ti wà títí di 1981. Wọ́n gbé àwòṣe kan tó ń jẹ́ Bel Air síta níbi àfihàn ọkọ̀ ní Detroit lọ́dún 2002, wọn kò sì ṣe é fún títà.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ti 1959, nítorí mo mọ̀ pé àwa náà máa ń sọ pé irin ayé àtijọ́ ló nípọn, pé ọkọ̀ ìwòyí kò ju páànù lọ. Lọ́dún 2009, àjọ kan ní Amẹ́ríkà tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò dá sílẹ̀, tó ń dán ààbò ọkọ̀ wò, IIHS, ń ṣe àádọ́ta ọdún. Wọ́n mú Bel Air 1959 kan àti Chevrolet Malibu 2009 kan, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n forí sọ ara wọn lápá awakọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sáré kìlómítà 64 ní wákàtí kan. Ère bí ènìyàn ló jókòó nínú wọn. Nínú Bel Air, iwájú ọkọ̀ wó wọ inú, sítíárìn ti dé àyà àti orí awakọ̀, dígí iwájú já dànù. Kò sí bẹ́líìtì ìjókòó nínú rẹ̀, kò sì sí àpò atẹ́gùn. Ènìyàn tó bá wà níbẹ̀ ì bá ti kú. Nínú Malibu, àyè awakọ̀ dúró bó ṣe wà, ẹsẹ̀ nìkan ló ṣeé ṣe kó fara pa díẹ̀. Iwájú ọkọ̀ ìwòyí ni wọ́n ṣe kó máa rún, kí agbára ìkọlù lè parí síbẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Ọdún 1968 ni òfin Amẹ́ríkà tó sọ pé gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ní bẹ́líìtì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ bíi tèmi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tan ara yín jẹ lórí èyí.

Ibì kan wà tí Bel Air kò tíì di ohun ìṣúra inú gáréèjì. Ilẹ̀ Kúbà ni. Ṣáájú oṣù kìíní 1959, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Fidel Castro gba ìjọba, ọkọ̀ Amẹ́ríkà ló kún ìgboro Havana. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fòfin de ọjà lílọ sí Kúbà lọ́dún 1960, nígbà tó sì di 1962, wọ́n ti ìlẹ̀kùn pa pátá. Ọkọ̀ tuntun láti Amẹ́ríkà kò wọlé mọ́, ẹ̀yà ara wọn kò wọlé mọ́. Ètò Sloan, pé kí á máa pààrọ̀ ọkọ̀ bí ọdún bá ti yí, kò ríbi gbà wọ ibẹ̀.

Àwọn mẹkáníìkì Kúbà wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n gbé e. Irin tí wọn kò rí rà, wọ́n rọ ọ́. Nígbà tí V8 gbó tàbí tí epo rẹ̀ wọ́n jù, wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Rọ́ṣíà sínú rẹ̀, tàbí ti dísẹ́ẹ̀lì láti ilẹ̀ mìíràn. Ọ̀pọ̀ Bel Air tó ń ná ojú ọ̀nà Havana lónìí, bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn, ẹ kò ní bá ẹ́ńjìnnì Ed Cole níbẹ̀. Almendrón ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi wọ́n kó èrò lójú ọ̀nà kan pàtó, bíi takisí tiwa tí èrò márùn-ún jọ ń wọ̀. Àwọn tí kò ní òrùlé irin ń gbé àlejò kiri etí òkun.

Nínú àwọn tó ń wọ ọkọ̀ wọ̀nyí, tí wọ́n ń wà wọ́n, tí wọ́n sì ń tún wọn ṣe ní Havana àti Matanzas, ìran Yorùbá wà níbẹ̀, àwọn tí wọ́n kó àwọn bàbá ńlá wọn lẹ́rú lọ, tí wọ́n ń pè ní Lùkùmí. Ògún ṣì ni olúwa irin lọ́dọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bó ṣe jẹ́ lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń fi irin jẹun sì mọ ibi tí òun yóò kọjú sí.

Títí di ọdún 2011, ọkọ̀ tó ti wà ní Kúbà ṣáájú ìyípadà ìjọba nìkan ni ará ìlú lè rà tàbí kó tà fún ẹlòmíràn láìtọrọ àṣẹ. Ọkọ̀ tuntun, ìjọba ló ń pín in. Nítorí náà, Bel Air di dúkìá tí bàbá lè fi sílẹ̀ fún ọmọ bíi ilé, tí ọmọ lè fi ṣiṣẹ́ jẹun, tó sì lè tà bí ọwọ́ bá le. Òfin náà ti yí padà, ọkọ̀ tuntun sì ti wà lọ́jà, àmọ́ owó rẹ̀ ga ju agbára ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ. Àwọn tó jogún almendrón kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀.